Bonny, Ìlú Etí Òkun tí Àjàyí Crowther Fẹsẹ̀ Tẹ̀

Bí ìjọba bá ti kéde ọjọ́ ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wà nínú ilé ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tí a fi Ìpínlẹ̀ Rivers ṣe ibùgbé: níbo ni a ó mú àwọn ọmọ lọ? Ọ̀nà ilé jìn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Port Harcourt ní òwúrọ̀, ó di ọwọ́ alẹ́ kí ó tó fojú kan Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, bí ó bá sì dé ibẹ̀, ìsinmi ti tán, àfi kí ó tún dìde kí ó máa bọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń jókòó sílé, tí àwọn ọmọ yóò máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ìyá wọn yóò wà nídìí ààrò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí bàbá yóò sì fi oorun pa ọjọ́ náà jẹ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí òkun kò jìnnà sí wa. Bí a bá gbéra ní kùtùkùtù ní Eliozu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio-Akpor, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, a lè lọ sí Bonny, kí á fi ẹsẹ̀ rin ìlú náà, kí á gba afẹ́fẹ́ òkun sára, kí á sì padà wá sùn sórí ibùsùn wa. Mo mọ àwọn ènìyàn wa tí ó ti lo ogún ọdún ní Port Harcourt tí wọn kò tíì fojú kan òkun rí. Wọ́n gbà pé nígbà tí ìlú náà ti ń jẹ́ èbúté, etí òkun ni ó wà. Èbúté inú odò ni Port Harcourt. Lugard ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1913, ó fi orúkọ Lewis Harcourt pè é, ẹni tí í ṣe mínísítà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Èédú Enugu ni wọ́n sì fẹ́ máa kó gba ibẹ̀ jáde. Nǹkan bí kìlómítà 66 ni ó wà láàrin rẹ̀ àti òkun. Bonny ni ó jókòó sí ẹnu odò náà gan-an.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi wù mí kí àwọn òbí Yorùbá agbègbè yìí mú ọmọ wọn débẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín ń sọ Pijin bí ẹni ń mumi, wọ́n ń gbọ́ Ikwerre díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin wa, ẹni ọdún mọ́kànlá, ti ibi eré wọlé, ojú rẹ̀ kò dùn. Ọmọ kan ni ó sọ fún un pé àlejò ni bàbá rẹ̀, àti pé àlejò kì í ní ìtàn ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Bàbá mi, ṣé òótọ́ ni pé àwa kò ní nǹkan kan níhìn-ín?” Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kò sí ìjà nínú rẹ̀; àwọn onílé wa ní Eliozu jẹ́ ènìyàn rere, a sì ń gbé ní ìrẹ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Àlejò ni wá lóòótọ́, irọ́ ni yóò jẹ́ bí mo bá sọ fún un pé a kì í ṣe àlejò. Pé àlejò kì í ní ìtàn ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ibi tí mo lè mú un lọ. Nígbà tí ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Ọjọ́ Àjíǹde dé, tí gbogbo ọ́fíìsì wà ní títì, a múra.

Ọ̀NÀ OMI

Aago mẹ́fà kò tíì lù tí a fi kúrò nílé. A kọjá níbi afárá gíga Eliozu nígbà tí àwọn tí ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tíì dáná. Bòòlì ni mo ń wí, èyí tí gbogbo Port Harcourt ń fi ẹja àti ata jẹ, tí wọ́n ti sọ di tiwọn pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ó wà lẹ́nu wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lẹ́nu wa. Ọkọ̀ gbé wa gba títì Aba wọ inú ìlú, ó sì já wa sí Creek Road, ní ìsàlẹ̀ ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Bonny, Nembe àti Bille ti ń gbérò.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Má ṣe wọ ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Rí i dájú pé wọ́n fún olúkúlùkù ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ti ọmọdé sì jẹ́ ti ọmọdé. Bí ẹ̀wù àgbàlagbà bá wà lọ́rùn ọmọ ọdún méje, òfìfo ni. Ojúmọmọ ni kí o lọ, ojúmọmọ ni kí o bọ̀, nítorí ìgbà kan wà tí àwọn olè ojú omi dààmú ọ̀nà yìí gidigidi. Èmi àti atukọ̀ jọ fa ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ọmọdé yìí díẹ̀ kí ó tó wá a jáde láti abẹ́ ìjókòó. Àwọn èrò kan ń kùn pé mo ń dá àwọn dúró. Mo jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Nǹkan bí wákàtí kan ni ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì fi ń sáré náà. Bí a ti kúrò ní èbúté ni odò ń fẹ̀ sí i. Ní apá ọ̀tún àti apá òsì ni àwọn igi àbàtà wà, tí gbòǹgbò wọn nà sínú omi iyọ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Ní àwọn ibì kan ewé wọn tutù minimini. Ní ibòmíràn, dúdú ni igi náà dúró láìní ewé, tí epo sì ń dán lójú omi lábẹ́ wọn. Irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń se epo rọ̀bì tí wọ́n jí ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Port Harcourt mọ èéfín dúdú tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bà sórí fèrèsé àti aṣọ tí a sá láti ìparí 2016. Ara ibi tí ó ti ń wá nìyí. Ìyàwó mi nawọ́ sí àbàtà náà, ó ní, “Ẹ wo ohun tí mo ń fi kànìnkànìn fọ̀ kúrò lára aṣọ àwọn ọmọ yín.”

Ìjọba àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ti jọ dáwọ́ lé ọ̀nà mọ́tò láti Bodo dé Bonny, pẹ̀lú àwọn afárá lórí odò, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ohun tí ó dára ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí Bonny fi di ìlú ńlá, ojú omi ni kí ó gbà débẹ̀, nítorí ojú omi ni gbogbo ayé gbà wá bá a.

Kí a tó dé ni afẹ́fẹ́ ti pàdé wa. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú odò mọ́; ó le, ó tutù, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi wo gèlè rẹ̀, ó sì sọ fún un ní Pijin pé, “Ọmọ mi, tú u, kí o fi ìborí di orí rẹ. Afẹ́fẹ́ Bonny kò mọ aṣọ olówó iyebíye.” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti so ó le. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọkùnrin wa fi pariwo. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó ní ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ni ó hán gèlè náà kí ó tó di ti òkun.

Ọmọkùnrin náà fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Mo ṣàlàyé fún un pé bí oòrùn bá ràn, ilẹ̀ a máa gbóná ju omi lọ kíákíá. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ yóò gbóná, yóò fúyẹ́, yóò sì gòkè, èyí tí ó tutù lójú òkun yóò wá sáré wọlé láti gba àyè rẹ̀. Ní òru, ilẹ̀ ni ó ń tètè tutù, afẹ́fẹ́ yóò sì máa ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Afẹ́fẹ́ náà ń lọ sí ilé, ó ń bọ̀ ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

ÌLÚ TÍ ẸYẸ SỌ LÓRÚKỌ

Okoloama ni àwọn onílùú ń pe Bonny, Ibani sì ni orúkọ ẹ̀yà wọn àti ti èdè wọn, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí ó bá Ìjọ̀ tan. Okolo jẹ́ ẹyẹ etí omi kan, ẹlẹ́nu gígùn tí ó tẹ̀ bí dòjé. Ama ni ìlú. Ìtàn wọn sọ pé ọdẹ kan, Alagbariya, ni ó rí erékùṣù náà, àwọn ẹyẹ yìí ni ó sì bá níbẹ̀. Èyí kò lè ṣàjèjì ní etí wa, nítorí mélòó ni ìlú Yorùbá tí kì í ṣe ọdẹ ni ìtàn sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó?

Ẹsẹ̀ ni a fi rin ìlú àtijọ́, ẹsẹ̀ náà ni mo sì gba olúkúlùkù níyànjú láti fi rìn ín. Àwọn ọ̀nà tóóró wà láàrin agbo ilé sí agbo ilé, afẹ́fẹ́ a sì máa gba inú wọn wọlé bí ẹni gba inú fèrè. Ó ń gbé aṣọ tí wọ́n sá sókè, ó ń ti ilẹ̀kùn páànù gbàgàgbàgà, ó sì ń fẹ́ iyanrìn sí ẹni lójú bí a bá yà sí etí omi. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìdílé ńlá tí ó ni ín. Ní ayé àtijọ́, ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ bíbí nìkan. Olórí ilé, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ àti àwọn tí ó sá di í jọ jẹ́ ilé kan ni, bí wọ́n bá sì lágbára láti kún ọkọ̀ ogun kan pẹ̀lú atukọ̀ àti ìbọn, ìlú yóò kà wọ́n sí. Ẹrú tí ó bá gbọ́n lè di olórí ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Jubo Jubogha tí àwọn òyìnbó ń pè ní Jaja, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò tí wọ́n tà sí Bonny ní kékeré. Ó di olórí ilé Anna Pepple ní 1863. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ilé rẹ̀ àti ilé Manilla Pepple tí Oko Jumbo ń darí ní 1869, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde lọ tẹ Opobo dó, ó sì di ọba. Ọgbọ́n ẹ̀tàn ni Harry Johnston, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mú un ní 1887. Wọ́n gbé e lọ sí àwọn erékùṣù West Indies, kò sì fojú kan ilé mọ́ kí ó tó kú ní Tenerife ní 1891.

A dúró pẹ́ díẹ̀ ní etí omi. Ibẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á mú ọmọ débẹ̀ láìsọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún un. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, Bonny ti borí gbogbo èbúté apá ìlà-oòrùn yìí nínú òwò ẹrú. Ọkọ̀ Kitty's Amelia, tí a mọ̀ sí ọkọ̀ ẹrú tí ó gbẹ̀yìn láti kúrò ní Liverpool lábẹ́ òfin, gbéra ní oṣù keje 1807 lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Hugh Crow. Bonny ni ó wá. Lẹ́yìn náà ni epo pupa rọ́pò ènìyàn. Inú àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó tí wọ́n so mọ́ ojú odò ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ń gbé, tí wọ́n fi ṣe ilé àti ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó ibodè fún ọba kí wọ́n tó lè rajà. Èmi fẹ́ràn kí àwọn ọmọ wa mọ èyí náà: ìgbà kan wà tí òyìnbó ń dúró lójú omi tí ó ń retí àṣẹ ọba adúláwọ̀.

ỌMỌ ÒṢOOGÙN

Ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Stẹ́fánù Mímọ́, tí í ṣe kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Bonny, a bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí ibi òjìji. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìkíni wa ti sọ ibi tí a ti wá kí a tó la ẹnu. Ó wá yí sí àwọn ọmọ, ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí ó mú ìwé wá sí ìlú òun. Ọmọbìnrin wa dáhùn pé Crowther ni, nítorí ó ti kà á ní ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá ní ó káre. Ó ní, “Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ńkọ́?” Kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti dáhùn, “Ajayi,” ó pè é láìsí ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọmọ mi ní, “Àjàyí ni, sà.” Ó sì ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́, pé kì í ṣe orúkọ tí òbí kàn wá mú; ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni ó ń jẹ́ ẹ, láti ọ̀run ni ó ti gbé e wá. Bàbá náà wò ó pẹ́. Ó ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń gbọ́ orúkọ yìí, òun kò mọ̀ pé ó ní ìtumọ̀. Ó ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Bàbá pè é tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mẹta kí ohùn rẹ̀ tó bọ́ sí i. Ìyàwó mi wò mí, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ìtàn náà nìyí. Nǹkan bí 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ní 1821 ogun kó ìlú rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti jù ú sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, Esperança Felix. Ní oṣù kẹrin 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown. Ọdún 42 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864, wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ní ọdún kan náà ni William Dappa Pepple, ọba Bonny, kọ ìwé sí bíṣọ́ọ̀bù London pé òun ń fẹ́ olùkọ́ fún àwọn ènìyàn òun. Ojú ọba yìí ti rí nǹkan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ lórí oyè ní 1854, wọ́n lé e kúrò nílùú, ó sì gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà ní 1861. Lójú tèmi, ẹni tí ìwé àdéhùn ti gbé ṣubú ni ó tètè ń mọ̀ pé ó yẹ kí ọmọ òun lè ka ìwé. Crowther ni wọ́n darí ẹ̀bẹ̀ náà sí. Kí 1865 tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Bonny.

Ẹ ro èyí wò. Ọmọ tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí ẹrú sọ̀kalẹ̀ ní èbúté tí wọ́n ti ta àìlóǹkà ọmọ bíi tirẹ̀, ọba ìlú ni ó sì ránṣẹ́ pè é.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó yọ̀ sí i. Àwọn ará Bonny ń bọ awọ́nríwọ́n nígbà náà. Ẹranko yìí ń wọlé ń jáde bí ó ti wù ú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní Ọjọ́ Àjíǹde 1867 ni ọba George Pepple, tí ó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní 1866, pẹ̀lú àwọn ìjòyè, kéde pé awọ́nríwọ́n kì í ṣe òrìṣà ìlú mọ́. Ọmọkùnrin wa fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn awọ́nríwọ́n náà. Mo ní wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn. Kò dùn mọ́ ọn nínú, n kò sì bá a jiyàn. Ní 1875 ẹ̀wẹ̀, wọ́n pa ẹrú kan tí ń jẹ́ Joshua Hart nítorí pé ó kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ nínú ẹbọ. Ìyípadà ẹ̀sìn ní Bonny kò wá láìsí omijé ní ìhà méjèèjì.

Ohun kan wà tí ó wù mí, èmi tí iṣẹ́ títúmọ̀ èdè ń bọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé Crowther ni aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí ó parí ní 1884. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé òun náà ni ó tẹ ìwé ABD Ìgbò jáde ní 1857, tí ó sì kọ ìwé lórí èdè Nupe? Ibikíbi tí ọkọ̀ bá gbé e dé, ó ń mú bírò, ó ń bi àwọn onílẹ̀ pé kí ni ẹ ń pe èyí, kí ni ẹ ń pe ìyẹn. Èmi ti gbé ní Eliozu fún ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ Ikwerre tí ó wà lẹ́nu mi kò pọ̀ ju ìkíni lọ.

Òpin ayé rẹ̀ kò dùn. Ní 1890 àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ dojú kọ ọ́, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bonny kò gbà. Ní 1892, lábẹ́ ọmọ rẹ̀, Áṣídíákónì Dandeson Coates Crowther, àwọn ìjọ agbègbè náà ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà ara wọn. Niger Delta Pastorate ni wọ́n pe ara wọn. Ó di 29 oṣù kẹfà 2014 kí Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, tó tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ohun tí wọ́n ṣe sí bàbá àgbàlagbà náà. Bonny ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 122 ṣáájú.

FINIMA

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó kúrò níbẹ̀. Finima jìnnà fún ẹsẹ̀ ọmọdé, nítorí náà a wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ránṣẹ́ sí òkè òkun ní oṣù kẹwàá 1999, tí wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ keje lélẹ̀ ní 2021. Nítorí ilé-iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe kó gbogbo ará Finima àtijọ́ kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn lọ sí Finima tuntun. Títì ibẹ̀ dán, iná mànàmáná wà. Bí ilé tuntun ti dára tó, n kò mọ iye tí ènìyàn lè fi díye lé ojúbọ àti ibojì baba rẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni igbó tí wọ́n dá sí láti 1999 wà, tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 1,000, fún ẹranko, ẹyẹ àti igi.

A sì dé òkun. Òkun gidi, tí kò ní ìhà kejì. Ọmọkùnrin wa dúró gbagidi, kò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó sáré síwájú, ó sáré padà bí ìgbì ti ń lé e. Afẹ́fẹ́ le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pariwo sí ara wa létí kí a tó gbọ́ ohun tí a ń sọ. Akàn kéékèèké ń sá wọ ihò nínú iyanrìn. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá dúró ní ọ̀kánkán, wọ́n ń retí ẹrù. Ìyàwó mi tú ìrẹsì àti ẹja díndín tí ó dì wá, ṣùgbọ́n iyanrìn wọ ọ́, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a ń fi eyín wá òkúta inú rẹ̀. Ọmọbìnrin wa jókòó sórí kùkùté igi, ó kọjú sí omi. Ó bi mí bóyá ojú òkun yìí kan náà ni wọ́n ti gba Àjàyí sílẹ̀. Mo ní òkun kan náà ni; mo ní bí a bá ń tọ etí rẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dé Èkó. Ó ní ṣé ẹnìkan lè fi ẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀? Mo ní odò tí yóò dá onítọ̀hún dúró lójú ọ̀nà pọ̀.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni a padà sí èbúté, nítorí a kò fẹ́ kí ọkọ̀ ìkẹyìn bá wa níbẹ̀. Ìyàwó mi ná ìṣáwùrú lọ́wọ́ obìnrin kan, ó ná an títí èrò ọkọ̀ fi ń pè wá. Obìnrin náà fi kún un nígbẹ̀yìn, ó ní nítorí ọmọ tí ó mọ ìtumọ̀ orúkọ Crowther ni. A kò mọ bí ìròyìn náà ti ṣe yára ju ẹsẹ̀ wa lọ. Ní ìpadàbọ̀, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ wà, ó ń tì wá lọ, àwọn ọmọ sì sùn lé wa lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Creek Road, a rìn dé ibùdókọ̀ tí gbogbo Port Harcourt ń pè ní Lagos Bus Stop. Ọmọkùnrin wa, tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ọ̀gákọ̀ kan, ó fà mí láṣọ. Ó ní, “Bàbá mi, ṣé ọkọ̀ yìí ń lọ sí Èkó ni?” Mo ní rárá, Mile One ni yóò já wa sí, a ó sì wọ òmíràn níbẹ̀ dé Eliozu.